Tábìlì Kí Líìgì Tó Bẹ̀rẹ̀: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ipò Àwọn Ẹgbẹ́ Nínú Bọ́ọ̀lù Ọsirélíà

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ìbéèrè tó kó wa jọ kò gùn lẹ́nu: kí líìgì bọ́ọ̀lù Ọsirélíà tí wọ́n ń pè ní AFL tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta, ẹgbẹ́ wo ló máa lékè, èwo ló máa gbẹ́yìn, báwo lèèyàn sì ṣe lè ṣírò rẹ̀ ṣáájú? Ọdọọdún ni àwọn oníròyìn, àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ti fẹ̀yìn tì àti àwọn oníṣirò kọ̀ǹpútà ń to ẹgbẹ́ 18 láti òkè dé ìsàlẹ̀ nígbà tí bàtà kò tíì kan koríko. Mo gbà pé iṣẹ́ náà ṣeé ṣe dáadáa, àmọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ kò dáa. Orí ipò ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Iye ìgbà tí ẹgbẹ́ kan máa borí ló yẹ ká kọ́kọ́ wá. Bí a bá ti rí ìyẹn, ipò á to ara rẹ̀.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà, ẹ jẹ́ kí n yára là á. Ẹni 18 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní lórí pápá. Bọ́ọ̀lù náà rí bí ẹyin, pápá náà sì rí bí ẹyin. Òpó mẹ́rin ló wà ní ìkángun pápá kọ̀ọ̀kan: gíga méjì láàárín, kúkúrú méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá fẹsẹ̀ gbá gba àárín òpó gíga méjèèjì jẹ́ góòlù, ó ń mú ayò 6 wá. Èyí tó bá gba àárín òpó gíga àti kúkúrú, tàbí tó kan òpó gíga, behind ni wọ́n ń pè é, ayò 1 péré ni. Ìdí nìyẹn tí ayò 90 sí 86 kò fi jẹ́ ohun ìyàlẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Collingwood ṣe borí Brisbane Lions nínú ìdíje àṣekágbá 2023.

Lórí tábìlì, ẹni tó borí ń gba póíǹtì 4, ẹni tó gbá ọ̀mì ń gba 2. Bí póíǹtì bá dọ́gba, ohun tí wọ́n ń pè ní percentage ló ń yà wọ́n: ẹ mú gbogbo ayò tí ẹgbẹ́ náà jẹ, ẹ fi gbogbo ayò tí wọ́n jẹ lára rẹ̀ pín in, kí ẹ sì sọ ọ́ di púpọ̀ ní ọ̀nà 100. Láti 2023, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 23 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá: ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú gbogbo 17 yòókù, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kejì pẹ̀lú 6 nínú wọn. Nínú gbogbo sáà tí mo máa tọ́ka sí lónìí, ẹgbẹ́ 8 tó bá wà lókè ló ń tẹ̀ síwájú sí ìdíje oṣù kẹsàn-án.

Ó yá. Kí ẹ tó ṣírò ohunkóhun, ẹ mọ ẹni tí ẹ fẹ́ borí. Alátakò yín àkọ́kọ́ ni tábìlì èṣí. Ká ní ẹnì kan kò ronú rárá, tó kàn da tábìlì 2024 kọ, tó ní bẹ́ẹ̀ ni 2025 á ṣe rí. Ẹ mú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ka iye ipò tí ó fi ṣì í. Sydney ṣe ipò 1 ní 2024, ó ṣe 10 ní 2025: àṣìṣe 9. Port Adelaide já láti 2 sí 13: 11. Adelaide Crows ti 15 gòkè dé 1: 14. St Kilda ṣe 12 lẹ́ẹ̀mejèèjì, Melbourne ṣe 14 lẹ́ẹ̀mejèèjì: òdo, òdo. Bí ẹ bá ro ti gbogbo ẹgbẹ́ 18 pọ̀, 68 ni. Ẹ pín in sí 18, ó jẹ́ 3.8 fún ẹgbẹ́ kan. Láti 2023 sí 2024, 80 ni àpapọ̀ rẹ̀, ìyẹn 4.4. Láti 2022 sí 2023, 82 ni, ìyẹn 4.6. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó kọ orúkọ 18 sórí bébà, tó kó wọn sínú fìlà, tó ń dijú fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan: òun á máa fi nǹkan bí ipò 6 ṣì í lórí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àyè tí a ní kò fẹ̀ rárá, ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó dijú àti ẹni tó da ti èṣí kọ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ipò 2 lọ. Nítorí náà, ẹni tí àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ bá lè máa mú 3 tàbí 3 àti ààbọ̀ wá lọ́dọọdún ti ṣiṣẹ́ gidi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tábìlì rẹ̀ á ṣì dà bí ohun tó kún fún àṣìṣe lójú ará ìta.

Ohun kejì tí tábìlì èṣí ń kọ́ wa ni pé òkè kì í dúró. Nínú 8 tó tẹ̀ síwájú ní 2022, 4 péré ló padà dé ibẹ̀ ní 2023. Nínú ti 2023, 5 ló padà ní 2024. Nínú ti 2024, 4 ló padà ní 2025: Geelong, Brisbane, Greater Western Sydney àti Hawthorn. Bí mo bá rí àsọtẹ́lẹ̀ tí 7 nínú 8 rẹ̀ jẹ́ ti èṣí, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ba ẹni tó kọ ọ́. Ẹ rí i dájú pé ẹ yọ mẹ́ta, bó tilẹ̀ dùn yín.

Ìsàlẹ̀ ni kò fẹ́ kúrò lójú kan. Láti 2022 sí 2025, North Melbourne ṣe 18, 17, 17 àti 16. West Coast ṣe 17, 18, 16 àti 18, ó sì jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló borí nínú 23 ní 2025. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹgbẹ́ tó gbẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ yan nínú draft oṣù kọkànlá, níbi tí wọ́n ti ń pín àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù. Àmọ́ ọmọ ọdún 18 ni wọ́n ń yàn, ara rẹ̀ kò tíì gba ìjàkadì pẹ̀lú àgbà ọdún 27. Ó tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí irú oko bẹ́ẹ̀ tó so. Nítorí náà, bí ẹ bá ń to ìsàlẹ̀, ẹ lè gbà pé èyí tó burú jọjọ lẹ́ṣìí á ṣì burú. Ibi tí ẹ ti lè jẹ èrè nìyẹn láìṣe wàhálà púpọ̀.

Àárín tábìlì ni iṣẹ́ wà. Ẹ wo 2024. Brisbane ṣe ipò 5: ó borí 14, ó gbá ọ̀mì 1. Melbourne ṣe ipò 14: ó borí 11. Ẹgbẹ́ 8 ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ìyàtọ̀ wọn kò sì ju ìborí 3 àti ààbọ̀ lọ. Ẹ wá gbé ohun tí oríire nìkan lè ṣe yẹ̀ wò. Ẹgbẹ́ tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti àárín gẹ́lẹ́, tí àǹfààní rẹ̀ nínú eré kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì, dà bí owó ẹyọ tí a jù sókè ní ìgbà 23. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 11 àti ààbọ̀, àmọ́ bó bá bọ́ sórí 9 tàbí 14, kò sí ohun ìyanu níbẹ̀, torí ìgbòkègbodò rẹ̀ jẹ́ 2.4 sókè àti sísàlẹ̀. Ní 2024, ìborí 14 ló gbé Western Bulldogs àti Hawthorn sí ipò 6 àti 7. Ìborí 9 ì bá gbé wọn sí 13 àti 14. Agbábọ́ọ̀lù kan náà, kóòṣì kan náà. Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ti orí ipò bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ipò 7 àti ipò 13 lè jẹ́ ẹgbẹ́ méjì tí agbára wọn dọ́gba.

Kò tún sí iye kan tí ẹ lè dì mú pé ó tó láti wọ 8. Ní 2023, Sydney fi ìborí 12 àti ọ̀mì 1 wọlé. Ní 2024, Carlton fi 13 wọlé. Ní 2025, Hawthorn nílò 15 kó tó ṣe ipò 8, Western Bulldogs sì borí 14, percentage rẹ̀ ju 130 lọ, ó sì jókòó sílé. Ní 2022, Carlton àti Bulldogs jọ borí 12, percentage tí kò tó 1 ló fi Carlton sí ipò 9. Bẹ́ẹ̀ ayò 1 ni Collingwood fi borí Carlton ní ọjọ́ tó kẹ́yìn. Nígbà mìíràn, ojú ẹnì kan ló ń pinnu. Lóṣù kẹjọ 2023, Ben Keays gbá bọ́ọ̀lù kan wọlé fún Adelaide nígbà tí eré wọn pẹ̀lú Sydney fẹ́ parí. Adájọ́ ìdí òpó ní ó kan òpó, kò sí ẹni tó yẹ fídíò wò, Adelaide sì fi ayò 1 pàdánù. AFL fúnra rẹ̀ gbà lẹ́yìn náà pé góòlù ni. Sydney parí sáà pẹ̀lú póíǹtì 50 ní ipò 8, Adelaide ní 44. Ká ní wọ́n kà á, tí Adelaide sì borí, 48 ni Adelaide ì bá ní, Sydney á ní 46. Àwòṣe kọ̀ǹpútà wo ló máa rí ìyẹn lóṣù kẹta?

Báwo la ṣe wá ń mọ agbára tòótọ́ yàtọ̀ sí oríire? Ayò ni ẹ wò, ẹ má wo ìborí. Percentage ni irinṣẹ́ tó dára jù tí kò wọ́n. Ẹ sọ ọ́ di nọ́ńbà kékeré, kí 144 di 1.44. Ẹ fi ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kó jẹ́ mẹ́rin lọ́nà: 1.44 × 1.44 × 1.44 × 1.44, ó jẹ́ 4.3. Ẹ fi 1 kún un, 5.3, kí ẹ fi ìyẹn pín 4.3. Èyí tó jáde jẹ́ 0.81. Geelong ló ní percentage 144 ní 2022, eré 22 ni wọ́n ń gbá nígbà náà; 0.81 nínú 22 sún mọ́ 18. Ìborí 18 náà ló sì ní. Ẹ ṣe é fún Collingwood ọdún kan náà, tí percentage rẹ̀ jẹ́ 104: 0.54, ìyẹn nǹkan bí 12. Àmọ́ 16 ló borí! Ìborí mẹ́rin ni ayò rẹ̀ kò lè ṣàlàyé. Ó ti inú àwọn eré tó fi ayò díẹ̀ borí wá. Lódì kejì, Adelaide 2023: percentage 116, tó yẹ kó fún un ní nǹkan bí ìborí 15, 11 péré ló ní.

Mo fẹ́ dúró lórí àpẹẹrẹ méjèèjì yìí, torí pé wọ́n ń fi agbára àti àìlera ìṣirò hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣirò yìí nìkan á sọ pé Collingwood máa já wálẹ̀ ní 2023, kí Adelaide sì gòkè ní 2024. Collingwood kò já: ó ṣe ipò 1, ó gba ife, percentage rẹ̀ sì gòkè kọjá 120. Oríire eré tó súnmọ́ra ti lọ lóòótọ́, àmọ́ ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti dára sí i. Adelaide náà kò gòkè ní 2024, ipò 15 ló bọ́ sí. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló wá ṣe ipò 1 pẹ̀lú ìborí 18. Percentage sọ òtítọ́ nípa sáà tó kọjá. Kò sọ pé agbábọ́ọ̀lù kò ní farapa, kò sì sọ pé kóòṣì kò ní kọ́gbọ́n.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà jẹ ayò náà tọ́ sí àyẹ̀wò. Nínú àṣekágbá 2023 tí mo sọ, Collingwood jẹ góòlù 12 àti behind 18, Brisbane jẹ góòlù 13 àti behind 8. Ẹni tó borí gbá bọ́ọ̀lù sí ojú òpó ní ìgbà 30, ẹnìkejì ní 21. Iye ìgbà tí ẹgbẹ́ ń rí àyè gbá a jẹ́ ohun tó máa ń tẹ̀ lé wọn dé sáà tó ń bọ̀. Bí ó ṣe ń tọ́ sí àárín òpó kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Ẹgbẹ́ tí góòlù rẹ̀ pọ̀ ju behind rẹ̀ lọ fíìfíì ní sáà kan, ẹ dín in kù díẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ gbé: kí a fa gbogbo ẹgbẹ́ sún mọ́ àárín. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ìlànà tí mo fara mọ́ ni kí a gé ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú ohun tí percentage fi jìnnà sí 100. 144 á di 129, 127 á di 118, 60 á di 73. Ó dùn láti fi ẹgbẹ́ tó gba ife sílẹ̀ bó ṣe wà, ṣùgbọ́n Geelong tó ní 144 ní 2022 ṣe ipò 12 ní 2023. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ tó ti gba ife rí nínú ìtàn líìgì náà, òun ló dàgbà jù lọ́jọ́ orí, àgbà kì í sì í já wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọdún kan péré ló ń tó.

Kó lè rọrùn láti fi ṣiṣẹ́, ẹ sọ percentage náà di ayò. Bí àpapọ̀ ayò eré kan bá jẹ́ 165, 129 túmọ̀ sí 93 sí 72. Ẹgbẹ́ náà jẹ́ +21. Orí nọ́ńbà yìí ni ẹ máa fi ti àwọn agbábọ́ọ̀lù lé.

Oṣù kẹwàá ni wọ́n ń ṣe pàṣípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù. Ẹ kọ orúkọ ẹni 22 tó dára jù nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́ṣìí, kí ẹ fa ìlà sí àwọn tó ti lọ. Fún ìràwọ̀ gidi, mo ń yọ ayò 3 sí 5 fún eré kan; fún ẹni tó ń ṣe déédéé, 1 tàbí 2. Ẹ má kọjá 6 fún ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan nínú 18 ni, ẹni tó sì máa rọ́pò rẹ̀ kì í ṣe òdo. Lẹ́yìn 2024, Dustin Martin fẹ̀yìn tì ní Richmond, Shai Bolton lọ sí Fremantle, Daniel Rioli lọ sí Gold Coast, Liam Baker àti Jack Graham lọ sí West Coast. Fremantle gòkè láti 10 sí 6, Gold Coast láti 13 sí 7. West Coast tó gba méjì bọ́ sí ipò 18, torí pé Tom Barrass tó jẹ́ òpómúléró ẹ̀yìn wọn lọ sí Hawthorn, àwọn tó kù kò sì lágbára. Ẹ ka àwọn tó jáde pẹ̀lú àwọn tó wọlé. Ìwé ìròyìn kì í pariwo àwọn tó jáde tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ńkọ́? Ọmọ tuntun láti inú draft, ẹ fún un ní òdo lọ́dún àkọ́kọ́, àyàfi ẹni àrà ọ̀tọ̀ bíi Nick Daicos, tó wọ Collingwood lábẹ́ òfin tó ń jẹ́ kí ẹgbẹ́ gba ọmọ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ àtijọ́. Òfin yẹn náà ló gbé Will Ashcroft fún Brisbane, òun ló sì gba àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó ta yọ jù nínú àṣekágbá 2024 àti 2025. Àwọn tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ gidi ni àwọn ọmọ ọdún 22 sí 25 tó ti gbá eré 50 sí 100. Bí irú wọn bá pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan, ẹ fi ayò 4 tàbí 5 kún gbogbo ẹgbẹ́ náà. Hawthorn nìyẹn: ìborí 7 ní 2023, 14 ní 2024, 15 ní 2025, lábẹ́ kóòṣì kan náà, Sam Mitchell. Ẹ sì rántí pé eré 5 àkọ́kọ́ ni wọ́n pàdánù ní 2024.

Ní ti kóòṣì tuntun, ẹ má fi kún, ẹ má yọ kúrò. Ẹ mú kí àyè àṣìṣe fẹ̀ sí i. Craig McRae gba Collingwood tó ṣe ipò 17 ní 2021, ipò 4 ló gbé e dé lọ́dún àkọ́kọ́. Damien Hardwick, tó ti gba ife mẹ́ta fún Richmond, borí 11 péré lọ́dún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Gold Coast, ọdún kejì ló tó mú wọn wọ 8 fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 2011 tí wọ́n ti wọ líìgì. Sydney sì ti ipò 1 já sí 10 nígbà tí Dean Cox rọ́pò John Longmire. Ẹ má di gbogbo ẹ̀bi Sydney ru kóòṣì: Errol Gulden ti fi kókósẹ̀ farapa kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Iṣan ẹ̀yìn itan tó fà ń gba ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 4. Iṣan orúnkún tó já ń gba sáà odindi. Torí èyí, ẹ má ti àsọtẹ́lẹ̀ yín pa kí àwọn eré ìmúrasílẹ̀ tó parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó farapa nìkan ni kí ẹ wá lọ síbẹ̀. Èsì àwọn eré yẹn kò wúlò, torí pé àwọn kóòṣì ń sinmi àgbà, wọ́n ń dán ọmọdé wò.

Ó ku ìtòlẹ́sẹẹsẹ eré. Ìpínlẹ̀ Victoria ló ni ẹgbẹ́ 10: 9 ní Melbourne, àti Geelong. Ẹgbẹ́ 8 yòókù wà ní méjì-méjì ní Adelaide, Perth, Queensland àti New South Wales. Bí ẹgbẹ́ Melbourne méjì bá pàdé ní MCG, pápá ńlá ìlú náà, kò sí onílé, kò sí àlejò. Ẹ kọ òdo. Bí ẹgbẹ́ Melbourne bá fo nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lọ sí Perth, ẹ fún onílé ní 10 sí 12. Geelong ní Kardinia Park náà tọ́ sí nǹkan, torí pé fífẹ̀ pápá yẹn jẹ́ nǹkan bíi mítà 115 nígbà tí ti MCG jẹ́ 141, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lójoojúmọ́ sì mọ̀ bí a ṣe ń dí i. Eré 6 tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kejì ni kí ẹ fara balẹ̀ wò. AFL ń fi ipò èṣí pín wọn: 6 tó wà lókè ń pàdé ara wọn léraléra ju bí wọ́n ṣe ń pàdé 6 ìsàlẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò méjì-méjì tí mo sọ yìí máa ń pàdé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dọọdún, ipò yòówù kí wọ́n wà. Fremantle jẹ àǹfààní yìí ní 2025, ó borí West Coast tí wọ́n jọ wà ní Perth lẹ́ẹ̀mejèèjì, ó sì ṣe ipò 6. Bí ìpíndọ́gba agbára àwọn 6 tí ẹgbẹ́ kan tún máa pàdé bá fi ayò 18 kéré sí ti ẹgbẹ́ mìíràn, ayò 108 nìyẹn lápapọ̀, ó sì tó ìborí 1 àti díẹ̀. Nínú àárín tábìlì 2024 tí a rí lẹ́ẹ̀kan, ìborí 1 ń gbé ẹgbẹ́ gun ipò mẹ́ta.

Ní báyìí, ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Eré 207 ni gbogbo sáà: ẹgbẹ́ 18 lọ́nà 23, pín sí méjì. Ẹ kọ ọ́ sí ìlà 207 nínú Excel. Ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ agbára àlejò kúrò nínú ti onílé, ẹ fi àǹfààní ilé kún un. Èsì eré máa ń fi nǹkan bí ayò 36 gbòòrò yípo ohun tí a retí; nítorí náà ẹni tí a fi +12 ṣáájú á borí ní ìgbà 63 nínú 100, +24 á jẹ́ 75, +36 á jẹ́ 84. Ní Excel, NORM.INV(RAND(),12,36) á fún yín ní èsì kan fún eré +12. Ẹ ro póíǹtì pọ̀, ẹ to tábìlì, ẹ tún un ṣe ní ìgbà 10,000.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù ní ìdí ẹ̀rọ yìí ni pé wọ́n ń fi agbára ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ojú kan nínú gbogbo ìgbà 10,000 náà, bí ẹni pé +21 Geelong jẹ́ òótọ́ tí a gbẹ́ sí òkúta. Tábìlì tó máa jáde á dá ara rẹ̀ lójú ju bó ṣe yẹ lọ, á ní Geelong kò lè ṣe ipò 12 láé. Kí sáà kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ẹ mi agbára ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nǹkan bí ayò 10 sókè tàbí sísàlẹ̀. Fún ẹgbẹ́ tó ní kóòṣì tuntun tàbí àgbà púpọ̀, ẹ lo 13.

Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè fọwọ́ ṣe é, àmọ́ kó ṣọ́ àpapọ̀. Ìborí gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ 207, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín, ọ̀mì kan jẹ́ ààbọ̀ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìrètí bá ń wọ èèyàn lára, á fún Essendon ní 13, á fún Carlton ní 15, á ní Melbourne á padà sípò, kò sì ní rí ẹni tó máa pàdánù àwọn eré náà. Mo ti rí àsọtẹ́lẹ̀ tí àpapọ̀ rẹ̀ kọjá 220. Bí tiyín bá lé, ẹ má gé e lórí ẹnì kan. Ẹ dín in lórí gbogbo wọn díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má sì da ipò kìíní pọ̀ mọ́ ife. Geelong 2022 àti Collingwood 2023 gba méjèèjì. Sydney ṣe ipò 1 ní 2024, Brisbane tó ti ipò 5 wá sì fi ayò 60 nà án nínú àṣekágbá. Adelaide ṣe ipò 1 ní 2025, ó pàdánù eré méjì léraléra lórí pápá ara rẹ̀, ó sì kógbá wọlé. Àsọtẹ́lẹ̀ ife jẹ́ iṣẹ́ mìíràn tó ní ìṣirò tirẹ̀.

Bí ẹ bá ti parí, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí di òpin oṣù kẹjọ. Kí ẹ kọ iye ìborí sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àyè rẹ̀, bíi 13, láàárín 10 sí 16. Nígbà tí sáà bá parí, ẹ ka àṣìṣe ipò bí a ṣe kà á ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tábìlì èṣí. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ẹgbẹ́ tí ẹ ṣì jù, kí ẹ fi percentage rẹ̀ ṣírò iye ìborí tó tọ́ sí i. Bí ìṣirò yẹn bá bá iye tí ẹ kọ mu, oríire ló ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má yí ọ̀nà yín padà. Bí kò bá bá a mu, ìdíwọ̀n agbára yín ló ṣì: ẹ padà sórí orúkọ 22 yẹn, kí ẹ wo ẹni tí ẹ fún ní ayò tí kò tọ́ sí i.